Kí Ẹ Tó Ní Màmá Ń Ṣarán, Ẹ Wo Ohun Tí Wọ́n Ń Jẹ

Màmá mi gbà pé ti ọmọdé ni ẹran inú ọbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo àwa ọmọ wọn dàgbà nìyẹn ní ìlú wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ, wọn á ṣa ẹran sínú abọ́ wa, wọn á fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà tiwọn. Nígbà tí a ti kúrò nílé tán, tí bàbá wa sì ti di olóògbé, kò sí ọmọdé tí wọ́n ń bu ẹran fún mọ́, síbẹ̀ wọn ò padà sídìí ẹran. Àwọn ará àdúgbò tún wá bá wọn fi kún un: ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹran, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin, wàrà ò dára fún un. Àtọ̀gbẹ sì ti wà lára màmá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Metformin ni wọ́n ń lò sí i, láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn kì í gbàgbé rẹ̀ rárá.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ojú àwa ẹbí kọ́kọ́ lọ.

Ìwà wọn ni gbogbo wa ń wò. Màmá mi tí kì í pa ìpàdé régbérégbé wọn jẹ, tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí nítorí aṣọ ẹgbẹ́ nígbà tí Ojúde Ọba ṣì wà lọ́nà jíjìn, ni wọ́n wá ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé, "Ẹ máa lọ, ó rẹ̀ mí." Bí mo bá pè wọ́n, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì, ó parí. Wọ́n á bi mí bóyá àwọn ọmọ ti wọlé ìwé, màá dáhùn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún fi bi mí. Wọ́n ń gbé ìkòkò kaná títí yóò fi jóná. Oorun kì í kun ojú wọn lóru. Ọmọ tó ń gbé ní yàrá iwájú sọ fún mi pé òun máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sunkún, kò sì sí ẹni tó bá wọn jà.

Oníkálukú ló ní ohun tó pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ́nù ní ọ̀fọ̀ bàbá ni kò tíì tán lọ́kàn wọn. Àbúrò mi ní arán ti ń wọlé, pé ọjọ́ orí wọn ti tó o. Àǹtí wa kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kí wọ́n má fẹnu kan omi. Èmi náà máa ń gbààwẹ̀, mi ò sì bá àdúrà ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n màmá àgbàlagbà tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó ti rù, tí kò jẹun tó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ láìkọ́kọ́ bi dókítà. Inú bí mi sí i nígbà yẹn, ó sì ń bí mi títí di òní.

Ẹsẹ̀ wọn ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò ní mọ̀, wọ́n á máa rìn lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á máa fọwọ́ di ògiri mú kí wọ́n tó lè dé balùwẹ̀. Mo lọ gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn.

Dókítà tó rí wọn kò kánjú. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ní:

"Màmá, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Mo jẹun dáadáa, ọmọ mi."

"Mo mọ̀ pé ẹ jẹun, mà. Ohun tí ẹ jẹ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀."

Ó wá ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀, tíì àti búrẹ́dì. Tíì náà ńkọ́, ṣé wàrà wà níbẹ̀? Kò sí. Lọ́sàn-án, gàrí, wọ́n fi omi tútù rẹ ẹ́, wọ́n sì jẹ ẹ̀pà mọ́ ọn. Lálẹ́, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ewédú. Ẹran ńkọ́? Rárá o. Ẹja? "Ẹja ti wọ́n jù." Ẹyin? Wọ́n ní kí àwọn má jẹ ẹ́. Kí ló wá wà nínú ọbẹ̀? "Pọ̀nmọ́." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ìjẹta, ó jọ tàná. Ó wá bi wọ́n pé ta ló ń bá wọn jẹun. Màmá mi wò mí, wọ́n ní, "Èmi àti ta ni? Èmi nìkan ni mo wà nílé."

Mo jókòó síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ mí létí. Ọmọ wọn ni mí, mo ń pè wọ́n déédéé, ìbéèrè tí mo sì máa ń bi wọ́n ni "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹni tó bá mu gàrí ti jẹun. Kò parọ́.

Ọ̀rọ̀ gàrí yẹn ni dókítà tún padà sí. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí ní ìlú wa, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Ẹnu yà mí sí ìbéèrè yìí. Ó wá ṣàlàyé pé ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì, ṣe ìwádìí nípa àìsàn kan ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti ní àwọn abúlé Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ń kú, ìrìn wọn ń dàrú, ojú àti etí àwọn mìíràn ń di. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní àjẹtúnjẹ, tí amáradàgbà inú oúnjẹ wọn sì kéré. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì. Bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kó kan, tí a fún omi rẹ̀ jáde, tí a sì yan án dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà á lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ara ló ń pa á fúnra rẹ̀, ohun tó sì fi ń pa á, inú oúnjẹ amáradàgbà bí ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ló ti ń rí i. Mo fẹ́ràn gàrí Ìjẹ̀bú dé góńgó, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n gàrí tí kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójoojúmọ́, fún àgbàlagbà, kò yẹ ká máa fojú kéré rẹ̀.

Kì í ṣe gàrí ló ṣe màmá mi ṣá. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ sì ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Fítámìn B12 wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Mi ò gbọ́ orúkọ fítámìn yẹn dáadáa rí kí ọjọ́ náà tó dé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà la ti ń rí B12. Ẹ̀fọ́ kò ní in, ọsàn kò ní in, ẹ̀gẹ́ kò ní in. Ara máa ń kó o pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ìpamọ́ náà sì lè gbé ènìyàn fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ fi máa ń yọ́ wọlé láìsí ẹni tó fura. Òun ni ara ń lò láti ṣe ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń tún ohun tó bo àwọn iṣan ìmọ̀lára ṣe, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Tí kò bá tó, wáyà á ṣí sílẹ̀: ẹsẹ̀ á máa kú, ìrántí á máa lọ, ọkàn á máa rẹ̀wẹ̀sì, ìbínú òjijì á máa wá. Ó lè jọ arán gan-an. Ó lè jọ ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé ayé ni, ó lè jọ ti ayé pẹ̀lú.

Oògùn tí màmá mi ń lò tún wà níbẹ̀. Metformin jẹ́ oògùn tó dára, ẹ̀mí púpọ̀ ló ti gbà là, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó lè má jẹ́ kí ìfun gba B12 wọlé bó ṣe yẹ. Kì í ṣe àhesọ. Ní 2022, MHRA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Britain, kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń lo metformin, pé kí wọ́n máa yẹ B12 àwọn tó bá fara hàn pé ó ń dín kù lára wọn wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń wọlé láti ẹnu màmá mi ni oògùn tún ń dí lọ́nà. Àgbàlagbà ni wọ́n pẹ̀lú, ikùn àgbàlagbà mìíràn kì í sì tú B12 jáde nínú oúnjẹ bíi ti ọ̀dọ́.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà mí mú dání. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò ti fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, èyí tí gbogbo wa máa ń rà. Fólíìkì ásíìdì àti irin wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ B12 ni kò tó, tí a wá ń fi fólíìkì ásíìdì nìkan tọ́jú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, ojú lè mọ́, gbogbo ilé á rò pé ó ti tán, àwọn iṣan á sì máa bà jẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má kàn máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tàbí tí iyè rẹ̀ ń ra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò.

Abẹ́rẹ́ B12 pupa bí omi zobo. Wọ́n gún un fún wọn léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi àlàfo sí i. Oorun ló kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí, pé mò ń fi epo ṣòfò, pé báwo ni mo ṣe ń ká ẹ̀fọ́ yìí. Inú mi dùn sí ìbáwí yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì kì í bìkítà bí epo bá ṣòfò. Ìrántí pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ẹsẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé bí iṣan bá ti bà jẹ́ pẹ́, ó lè má padà sípò tán. Ìdí tí kò fi yẹ ká máa dúró pẹ́ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ṣe tirẹ̀, ó wá ku oúnjẹ. Ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní 2023, ẹran ti kúrò ní ohun tí a ń rà láìronú. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni mo lè fi owó díẹ̀ rà tí ọpọlọ màmá mi máa rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Pọ̀nmọ́ kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n awọ ni. Kọ́lájìn, irú amáradàgbà kan, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kọ́lájìn kò sì ní tryptophan, èyí tí ara fi ń ṣe serotonin, tó wà lára ohun tó ń mú ọkàn fúyẹ́. Ẹni tó ń fi pọ̀nmọ́ dípò ẹran lójoojúmọ́ ń jẹ ohun tó jọ ẹran lásán.

Ṣawá ló gbà mí. Ẹja kékeré ni, kò wọ́n tó títù, B12 wà nínú rẹ̀ dáadáa, ọ̀rá ẹja tó dára fún ọpọlọ náà sì wà níbẹ̀. Mo máa ń fọ̀ ọ́, màá fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, màá yan án lórí èédú tí kò jó lala, títí gbogbo omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí eegun rẹ̀ á fi ṣeé run lẹ́nu. Màá wá gún un pọ̀ mọ́ edé nínú odó, tí yóò di ìyẹ̀fun, màá sì máa bù ú sínú ohun gbogbo: gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ìkọ́kọrẹ́. Ìdí tí mo fi ń gún un rèé: màmá mi ṣì ń ṣa ẹran fún àwọn ọmọ mi. Odidi ẹja tí mo bá fi sínú abọ́ wọn, ọmọ mi kékeré ló máa bá a níkẹyìn. Èyí tó bá ti gúnná, tó ti wọnú ọbẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣà á sọ́tọ̀. Ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ náà máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. B12 inú rẹ̀ ga púpọ̀. Mọ́ínmọ́ín wa lónìí, ẹyin wà nínú rẹ̀. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò kúrò, a kàn ń wọn ìwọ̀n rẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ ni. Tíì ni a gbé kúrò nídìí oúnjẹ, a fi í sí àárín ọ̀sán, nítorí pé kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa.

Irú náà wà níbẹ̀, a kì í se ọbẹ̀ láìsí i, ó sì ń ṣe ara lóore. Ẹ kàn má gbà á gbọ́ pé irú lè dípò ẹja ní ti B12.

Ẹnì kan lè ní ti màmá rẹ ni o ń sọ, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí kiri láti ìgbà náà. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní 1944 sí 1945, Ancel Keys, onímọ̀ nípa oúnjẹ àti ara, mú ọ̀dọ́kùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, ó dín oúnjẹ wọn kù fún oṣù mẹ́fà. Kò sí ọ̀fọ̀ kan tó ṣẹ̀ wọ́n, kò sí ọ̀tá. Oúnjẹ nìkan ló dín kù, síbẹ̀ ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, inú ń bí wọn, wọ́n ń yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, oúnjẹ nìkan ló kù tí wọ́n ń rò. Nígbà tí mo kà á, régbérégbé màmá mi ni mo rántí, àwọn tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n máa lọ. Ní Ọsirélíà, Felice Jacka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2017 lórí ènìyàn 67 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lórí ìtọ́jú tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn kan láti máa jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ẹja àti ọkà tí wọn ò bó, kí wọ́n sì dín ohun dídùn àti ohun díndín kù. Àwọn yòókù rí ẹni tó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yí oúnjẹ padà ló bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì náà. Láàárín àwọn yòókù, 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìwádìí kékeré ni, kò sì sọ pé oúnjẹ lè gba ipò oògùn. Èmi náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì wà tí ẹja kò lè wò, tó jẹ́ pé dókítà ọpọlọ ló yẹ kó rí onítọ̀hún, kíákíá.

Ìbéèrè kejì tí dókítà bi màmá mi ni mi ò tíì dáhùn: ta ló ń bá yín jẹun? Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aro ní 1954, inú ilé àwọn ará abúlé ni ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí, ó sì ní kí ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó ń dá jẹun kì í se ọbẹ̀. Gàrí ló máa ń yá a lára. Nígbà tí màmá mi ní àwọn ń lọ sílé, pé àwọn ò lè máa gbé Ìbàdàn kú, ohun tí a kọ́kọ́ tò ni èyí. Ọmọ tó wà ní yàrá iwájú, akẹ́kọ̀ọ́ ni, òun náà kì í rí oúnjẹ gidi jẹ. Mo bá a sọ ọ́: àwọn méjèèjì ló ń jẹ oúnjẹ alẹ́ pọ̀ báyìí, èmi ni mò ń fi owó ọjà ránṣẹ́, ṣawá gígún sì ń bá ẹni tó bá ń lọ sílé wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè láti Lọ́ńdọ́nù ní àkókò oúnjẹ yẹn, kò sì ní bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun mọ́. Á ní, "Mọ́mì, ẹ gbé fóònù sí abọ́ kí n rí i."

Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń lo metformin láti ọjọ́ pípẹ́, àyẹ̀wò tí ẹ máa bi dókítà léèrè ni serum B12, èyí tó ń sọ iye B12 inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú full blood count, èyí tó ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò kékeré ló ń ṣe ti B12, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbé màmá tàbí bàbá rìn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n jẹ fún ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀, títí kan ohun tí wọ́n fi ṣe ẹran, kí ẹ mú un dání lọ. Ẹ sì má dá metformin dúró fúnra yín. Dókítà ló máa sọ èyí tó kàn.